Ìlà Ọjọ́ Kejìlá

Wọ́n ti tẹ àtúnṣe náà jáde. Gbólóhùn mẹ́rin péré àti fọ́tò kan ni, nísàlẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan tí mo kọ ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, níbi tí ẹni tí kò bá dìídì wá a kò ní rí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka wa ń kí mi. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó ní irú ìgboyà báyìí ṣọ̀wọ́n lóde òní, ó ní àwọn ọmọ wa yóò fi mí ṣe àwòkọ́ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, n kò ní tàn yín: láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ni ara kò ti rọ̀ mí. Bí mo bá jókòó lọ́sàn-án, tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, tí oorun sì ń kùn mí díẹ̀díẹ̀, ńṣe ni mo máa ń rí ìlà funfun kan nínú òkùnkùn, yóò tàn, yóò ṣú, yóò sì parẹ́. Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ sún mọ́ mi lórí ẹní yìí kí n rò fún yín, nítorí ìmọ̀ràn ni mò ń wá.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní alálàá ọ̀sán. Ìyá mi a rán mi lọ sódò, yóò dúró títí, yóò wá bá mi lójú ọ̀nà níbi tí mo ti ń wo ewé tó ń mì. Ó máa ń sọ pé, “Ọmọ yìí, bí igi bá ń fẹ́yàwó ni, igi kan ì bá ti gbé ọ níyàwó.” Bóyá ìyẹn náà ló sọ mí di ẹni tó ń fi ewéko ṣiṣẹ́ ṣe. Mo wá kàwé ní Ilé-Ifẹ̀, mo kà á títí mo fi di olùkọ́ ní yunifásítì, àdúgbò Mayfair nínú ìlú náà ni mo sì ń gbé títí di òní. Bí ọyẹ́ bá mú, tí kùrukùru bo àwọn òkè mọ́lẹ̀, tí èèyàn kò rí ju iwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, mo máa ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá hàn kedere kì í bà mí lẹ́rù, àbùkù mi sì nìyẹn.

Pákí ni mo fi ṣe iṣẹ́ ayé mi. Ẹ mọ̀ pé oríṣi pákí kan wà tó jẹ́ pé bí òjò bá dá, kò ní pẹ́ tó fi máa kú, òmíràn sì wà tí yóò rẹ̀ wálẹ̀, tí yóò rọra dúró de òjò. Ìdí rẹ̀ ni à ń wá. Nínú ewé, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí à ń pè ní jíìnì, àwọn ló ń pàṣẹ fún igi pé kó ṣe báyìí, kó má ṣe tọ̀hún. A fura sí ọ̀kan nínú wọn, pé òun ló ń jí nígbà tí òǹgbẹ bá ń gbẹ pákí náà. Bí a bá fẹ́ mọ̀, a ó dáwọ́ omi dúró, a ó já ewé lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹfà, lọ́jọ́ kẹsàn-án àti lọ́jọ́ kejìlá. A ó lọ̀ wọ́n, a ó fa ohun tó wà nínú wọn yọ, a ó fi iná mànàmáná tì í kọjá nínú ohun kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, jẹ́ẹ̀lì ni à ń pè é. Lẹ́yìn náà a ó gbé e sínú òkùnkùn, a ó ya fọ́tò rẹ̀. Bí jíìnì náà bá ti jí, ìlà funfun kan yóò yọ. Bó bá ṣe jí tó ni ìlà náà yóò ṣe nípọn tó. Ìlà kejì tún wà nísàlẹ̀, èyí gbọ́dọ̀ yọ nígbà gbogbo, ì báà jí, ì báà sùn. Ẹlẹ́rìí ni a fi ìyẹn ṣe, pé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ náà mọ́, pé nǹkan kan kò bàjẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó lẹ́wà! Èèyàn yóò dúró nínú òkùnkùn, yóò máa wo ohun tí ewé ń sọ láìlẹ́nu.

Ọ̀gá mi nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti di olóògbé báyìí, kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ kó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tó fẹ́ ni pé kí iṣẹ́ pákí yìí jáde kó tó lọ. A fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń tẹ ìwádìí jáde, lókè òkun, wọ́n dá wa lóhùn pé iṣẹ́ náà wu àwọn, ṣùgbọ́n kí a fi ti ọjọ́ kejìlá kún un kí oṣù náà tó parí. Ti ọjọ́ kẹta, ti ọjọ́ kẹfà àti ti ọjọ́ kẹsàn-án ti wà nílẹ̀, ìlà wọn ń nípọn sí i ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ewé ọjọ́ kejìlá nìkan ló kù nínú fírísà, a ti lọ̀ ọ́, a ti rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké, a kò tíì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná lọ tí kò padà wá. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka wa náà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa mọ bí a ti ń ṣe é: oníkálukú a di ẹrù rẹ̀ sínú kúlà, a máa wá ẹni tí fírísà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ káàkiri ìlú. Mo mọ olùkọ́ kan tó kó tirẹ̀ sáàárín ẹja yìnyín lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Èmi gbé tèmi lọ sí Ìlódè, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ta omi tútù àti mínírà, nítorí òun kì í jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sinmi.

Mo ṣàlàyé fún un dáadáa o. Mo ní, “Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ìwé mi ni.” Ó ní òun ti gbọ́. Ọjọ́ kejì ni mo padà lọ, mo sì bá àwọn ìgò mi lórí ògiri ọgbà, nínú oòrùn, wọ́n tò wọ́n bí ẹni tó ń sá nǹkan, omi àdúrà sì wà lára wọn. Ojú kò ti Àǹtí mi rárá. Ó ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo tú fọ́ìlì tí o fi wé ẹrù rẹ, mo bá ewé lílọ̀ nínú ìgò wínníwínní. Ewé lílọ̀! Nínú fírísà tí aráyé ń mu omi inú rẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ń fi nǹkan tajà ni? Mi ò sọ pé ìwọ lo ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọ ńkọ́? Mo ti gbàdúrà sí i, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́.” Kí ni kí n sọ? Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó ìgò mi, gbogbo ohun tó wà nínú wọn ti kú pátápátá. Kí n tó tún gbin pákí mìíràn, kó tó dàgbà, kí n tó dáwọ́ omi dúró fún ọjọ́ méjìlá, oṣù tí jọ́nà dá fún wa yóò ti kọjá tipẹ́.

Ọ̀sán ni mo ṣe ohun tí mo ṣe, kì í ṣe òru bí ẹ ti lè máa rò. Láàbù dá wáí. Iná ti dé, fáànù ń yí lókè, ẹyẹ kan ń ké lórí igi lẹ́yìn fèrèsé. Mo gbé fọ́tò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú mi lórí kọ̀ǹpútà, mo ń wò wọ́n, ojú mi ń rọ̀ sí i. Mo ní, ṣebí mo mọ ohun tí à bá rí? Ìlà tó ń nípọn láti ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ kẹsàn-án, ibo ló tún fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejìlá bí kò ṣe pé kó nípọn sí i? Mo ní n kò purọ́, mo kàn ṣáájú òtítọ́ débẹ̀ ni. Mo bá yá ìlà ọjọ́ kẹsàn-án lò. Mo da ọ̀tún rẹ̀ sí òsì, mo fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo jẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọjọ́ kejìlá yẹ kó wà. Mo yá ẹlẹ́rìí ìsàlẹ̀ náà mọ́ ọn. Kò gbà mí ju bí èèyàn ṣe ń mu ife tíì kan lọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i, ó gbá tábìlì, ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun! O ò dójú tì mí!” Inú mi dùn dé ìdí.

Iṣẹ́ náà jáde, àwọn èèyàn ń tọ́ka sí i, wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ya èmi gan-an lẹ́nu jù: mo gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni! Ọdún kejì, mo ń fi fọ́tò náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ń rántí ọjọ́ tí mo yà á. Mo rántí bí láàbù ṣe ń rùn lọ́jọ́ náà, mo rántí bí ìlà ọjọ́ kejìlá ṣe rọra yọ nínú òkùnkùn, tí mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ tí kò sí rí! Mo lá a, mo gbà á gbọ́, mo tọ́jú rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ìrántí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ǹjẹ́ ẹ ti purọ́ fún ara yín rí débi tí irọ́ náà yóò fi ní òórùn?

Súnmọ́lá ló jí mi. Ìpetumodù ni wọ́n ti bí i, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ mi. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ kan. Ó kà nípa pákí mi nínú jọ́nà, ó ní ohun tó wu òun ni láti mọ ohun tó ń jí jíìnì yẹn. Ọmọ náà mọ ọwọ́ í lò ju èmi lọ. Bó bá ń rọ omi sínú ìgò, èèyàn kò ní gbọ́ ìró. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kó tún iṣẹ́ tèmi ṣe, kó rí ohun tí mo rí, kó tó lè tẹ̀ síwájú. Ó gbin pákí, ó dáwọ́ omi dúró, ó já ewé. Ọjọ́ kẹta yọ, ọjọ́ kẹfà yọ, ọjọ́ kẹsàn-án yọ bí òṣùpá. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó di fọ́tò náà mú ní ọwọ́ méjèèjì.

“Mọ́mì, ọjọ́ kejìlá ò yọ mà.”

Níbi tí mo jókòó sí, gbogbo rẹ̀ padà sí mi lójú: fáànù tó ń yí, ẹyẹ tó ń ké, ìlà tí mo dà láti ọ̀tún sí òsì. Mo mọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò lè sọ fún yín pé n kò mọ̀. Ẹnu mi sì ṣí, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, “Ewé yẹn ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni. Lọ tún un ṣe.”

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Gbígbìn kan, oṣù mélòó kan. Láàárọ̀ kùtùkùtù ni yóò ti wọkọ̀ láti Ìpetumodù, yóò dé kí kùrukùru tó ká, yóò lọ máa wo pákí rẹ̀ bí ẹni tó ń wo aláìsàn. Ọdún kan kọjá, ó kọjá sí èkejì. Mo máa ń gba ibòmíràn kọjá kí n má bàa pàdé rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó kan ilẹ̀kùn mi, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tó rí ohun ìyanu.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ yìí. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ó funfun báláú. Kì í ṣe pé ewé bàjẹ́ mà. Èmi rò pé pákí náà sùn ni. Ó jà, ó jà, nígbà tó di ọjọ́ kejìlá tó rí i pé òjò ò rọ̀, ó pa gbogbo iná rẹ̀, ó sùn. Bóyá ìyẹn ni kì í jẹ́ kó kú mà.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ohun tó sọ yẹn dára ju gbogbo ohun tí èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ lọ. Mo rí i kedere, oko pákí tó sùn nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tó ń dúró. Ẹni tó bá lẹ́rìí ọkàn ì bá dìde, ì bá dì mọ́ ọmọ náà. Èmi ńkọ́? Mo gbé ojú sókè, mo ní, “Súnmọ́lá, àlá lò ń lá. Ohun tó ti wà nínú ìwé ti wà nínú ìwé. Ṣé gbogbo àwọn tó yẹ iṣẹ́ yẹn wò lókè òkun ni ojú wọn fọ́?” Èmi alálàá ọ̀sán! Ó ní, “Ẹ má bínú mà.” Ó jáde. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ẹkún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, mo sì fa ìwé kan mọ́ra, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kà á. Lọ́jọ́ tó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa, wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi lè rí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ rí. Ó ní òun rò pé ọwọ́ òun ni. Mo jókòó síbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, ó wọ́, mo tún ń fi bírò yàwòrán ewé sétí ìwé mi. Kò pẹ́ sígbà náà tó kọ lẹ́tà pé òun fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, pé ọwọ́ òun kò yẹ iṣẹ́ yìí, pé òun dúpẹ́ fún sùúrù mi. Sùúrù mi!

Ọdún méjì kọjá lẹ́yìn tó lọ, ímeèlì kan sì dé láti jọ́nà. Ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí, níbi tí n kò mọ̀ rí, ti jókòó ti fọ́tò mi, ó ti rí i pé bí èèyàn bá yí ìlà ọjọ́ kejìlá padà, ti ọjọ́ kẹsàn-án ni, kódà àmì kékeré kan tó wà lára ọ̀kan wà lára èkejì. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò tí a kọ́kọ́ yà ránṣẹ́. Àwọn èèyàn wa ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún. Ṣé kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Mo kọ èsì pé iná wá lójijì, ó jó kọ̀ǹpútà wa, fọ́tò sì bá a lọ. Ta ló máa sọ pé irọ́ ni nílẹ̀ yìí? Mo kọ ọ́ tán, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo inú dúrọ́ọ̀ láàbù, bóyá fọ́tò àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí mo lè fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ìwé àkọsílẹ̀ Súnmọ́lá ni ọwọ́ mi bà.

Mo ṣí i. Fọ́tò méjèèje wà níbẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n gún régé. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́ ó kọ ọ́ pé, “Ọwọ́ mi ni. Màá tún un ṣe.” Lábẹ́ èkejì, “Ọwọ́ mi ni.” Lábẹ́ ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Lábẹ́ èkeje ó kọ ọ́ pé, “Bóyá ó ń sùn ni,” ó sì ti fi bírò fa igi lé e, ó tún kọ “Ọwọ́ mi ni” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀; inú Ifẹ̀ yìí kan náà ni mo ti mú ọgbọ́n ọmọdé, tí mo ní kó lọ ka ara rẹ̀ sí òpè. Mo pa èsì irọ́ yẹn rẹ́. Mo kọ òtítọ́ bó ṣe rí. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn yóò tẹ àtúnṣe, kí n fi ojúlówó fọ́tò ọjọ́ kejìlá ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ó bá wà. Pákí kì í dàgbà lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Fọ́tò ọjọ́ kejìlá tó wà láyé yìí kò ju méje lọ, ẹni tó ni wọ́n sì wà ní Ìpetumodù.

Mo lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Àgbàlá ilé ìyá rẹ̀ ni mo bá a, ó jókòó lórí àpótí, ó ń bó pákí fún gàrí, èèpo rẹ̀ yí i ká. Nígbà tó rí mi, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán mà! Mọ́mì! Ṣé kò sí o?” Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìgò tó kú ní Ìlódè títí dé orí ìlà tí mo yá lò àti fọ́tò rẹ̀ tí jọ́nà ń béèrè báyìí. Ó gbọ́ ọ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Èèpo pákí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u. Oòrùn ń mú, àgbàlá náà ń yí lójú mi fìrìfìrì, mi ò mọ ìgbà tí mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìgbe ló ké. “Háà! Èèwọ̀! Mọ́mì, ẹ dìde! Ẹ má fi mí gégùn-ún o! Mo ti gbọ́, mo ti dárí jì yín, tinútinú mi ni, ẹ ṣáà dìde mà!” Ìyá rẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rí àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. “Súnmọ́lá! Kí lo ṣe fún wọn?” Ẹ gbọ́ ná: kí ni òun ṣe fún mi! Súnmọ́lá náà ti kúnlẹ̀, ó ń fà mí lápá, ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí nǹkan, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo dìde. Ìyá náà bẹ̀ mí, ó ní kí n má bá ọmọ òun bínú, ó padà wọlé.

Nígbà tí a ku àwa méjì, ó jókòó padà sórí àpótí rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Kò wojú mi. Ó ní, “Mọ́mì, lọ́jọ́ tí mò ń sunkún ní kọ́rídọ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀?” Mo ní, “Mo mọ̀.” Ó mi orí. Ó bó pákí kan tán, ó mú òmíràn. Ó ní, “Ẹ mú fọ́tò náà mà. Kò sí wàhálà.” Mo ní orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, mo ní kó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé ohun tó rí yẹn tirẹ̀ ni, n óò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ bó bá ṣe tọ́ lójú yín mà.” Ó sìn mí dé ọ̀nà títì gẹ́gẹ́ bí ọmọ gidi, ó dúró títí ọkọ̀ fi gbé mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀.

Inú ọkọ̀ náà ni ojú mi ti là. Wọ́n ní a kì í jẹ́ kí àgbà pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, òun náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ wo ló lè wo ẹni tó jù ú lọ lórí orúnkún kó ní, “Rárá, mi ò tíì dárí jì yín”? Ìdáríjì tó sọ jáde, ẹ̀rù ló sọ ọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló sọ ọ́. Mo já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo tún ti ṣáájú òtítọ́ débẹ̀! Wọ́n ti tẹ fọ́tò keje jáde, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo fi ránṣẹ́ sí i. “Ẹ ṣeun mà” ni èsì rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù, mo tún bi í léèrè nípa pípadà wá. “Kò sí wàhálà mà,” kò ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń kí mi ní láàbù kò mọ̀ pé ìwé ni mo tún ṣe, pé ọmọ èèyàn wà níbẹ̀ tí n kò tíì tún ṣe.

Ẹ̀yin tí ọmọ ọlọ́mọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín, bó bá gbé ohun tó ṣófo wá síwájú yín, ẹ fara balẹ̀ wò ó kí ẹ tó ní kó lọ tún un ṣe. Ìyẹn ni ìkìlọ̀ tí mo ní. Ìyókù, èmi ni mò ń bi yín. Mo fẹ́ padà lọ sí Ìpetumodù. N kò ní kúnlẹ̀. Mo fẹ́ wá àpótí tèmi, kí n jókòó tì í, kí n bá a bó pákí, kí n wá sọ fún un pé ìdáríjì ọjọ́ yẹn, mo dá a padà. Pé bó bá fẹ́ bínú, kó bínú, bó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, bó bá sì jẹ́ pé kò fẹ́ rí ojú mi mọ́, kó lé mi jáde. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ yìí. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò wo ilẹ̀, yóò ní, “Kò sí wàhálà mà.” Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, báwo ni àgbà ṣe ń bẹ ọmọdé tí ọmọdé náà yóò fi ráàyè sọ pé òun kò gbà?